Ìhà Ẹlẹ́dẹ̀ Tí Àǹtí Ọ̀rà Sè

Òórùn ẹran ló jí mi lójú oorun ọ̀sán nígbà ọdún Àjíǹde tó kọjá yìí. Mo ti jẹ ẹ̀kọ díẹ̀, mo ti na ẹsẹ̀ sórí àga gbọọrọ tó wà ní yàrá mi, oorun sì ti fẹ́ gbé mi lọ nígbà tí òórùn náà yọ́ wọlé bí àlejò tí kò kan ilẹ̀kùn. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni. Egungun ìhà rẹ̀ sì ni, níbi tí ọ̀rá àti ẹran ti so mọ́ra wọn pẹ́kípẹ́kí, tí iná bá ti kàn án, gbogbo àdúgbò á gbọ́. Kí n tó la ojú, itọ́ ti kún ẹnu mi. Kí n tó gbé itọ́ náà mì, owú ti dé àyà mi.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ yìí, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹ máa ń rò pé bí ènìyàn bá ti lé ní àádọ́rin ọdún, owú á ti bá eyín jáde lẹ́nu rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Eyín ló ń lọ. Owú ń jókòó.

Bùkọ́lá ló ń se ẹran náà, ìyàwó àkọ́bí mi ọkùnrin. Ìbàdàn ni wọ́n ń gbé, wọ́n sì wá bá mi ṣe ọdún nílé wa ní Ìlá. Ó gbé ẹ̀rọ kan wá nínú páálí, ó gbé e ka orí tábìlì ìdáná mi, ó sì ti ìkòkò mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ẹ̀rọ náà lè ríbi jókòó. Éà-fúráyà ni wọ́n ń pè é. Ó dúdú, ó ń dán, ó rí bí àmù tí wọ́n gé lọ́rùn, ó sì ní dúrọ́ọ̀ kan níwájú bíi ti tábìlì olùkọ́. Kò ní iná tí ojú lè rí, kò ní èéfín, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó ń fẹ́ ẹ. Ọmọ-ọmọ mi obìnrin ṣàlàyé rẹ̀ fún mi bí ẹni ń kọ́ ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi: “Gúráńmà, afẹ́fẹ́ gbígbóná ló ń dín in.” Mo ní bó bá jẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná ni, èyí tó ń fẹ́ ní Ìlá kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ ti ń dín àwa lọ́fẹ̀ẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́.

Ẹ̀rọ náà dún gbin bí agogo kẹ̀kẹ́. Bùkọ́lá fa dúrọ́ọ̀ rẹ̀ jáde, ìhà ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú rẹ̀, ó pọ́n, ó ń dán, epo ń hó lórí rẹ̀. Ọmọ mi mú ẹyọ kan. Ó fà á báyìí, ẹran bọ́ kúrò lára egungun bí ẹ̀wù tó ti tóbi jù. Ó di ojú. Ọmọ tí mo fi ìhà ẹlẹ́dẹ̀ tọ́ láti kékeré ló di ojú nínú ilé ìdáná mi nítorí ẹran tí èmi kò sè! “Bùkọ́lá,” ó ní, “èyí ga o.” Àwọn ọmọ ń lá ìka. Wọ́n gbé tèmi fún mi nínú àwo, mo jẹ ẹ́, ó rọ̀, ó dùn, mo sì sọ pé “Ó dára,” bí ìjòyè ṣe ń kí ẹni tí wọ́n fi joyè tí òun náà dù. Mo gbé àga mi lọ sí ẹ̀yìnkùlé.

Ibẹ̀ ni mo jókòó sí tí mo fi rántí obìnrin tó kọ́kọ́ fi ìhà ẹlẹ́dẹ̀ dá owú sí mi lára.

Káfíńtà ni bàbá mi. Abẹ́ àtíbàbà iwájú ilé ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, gbogbo ọmọ ilé wa sì máa ń gbé èérún pákó nínú irun lọ sílé ìwé. Ọmọ ìjọ ni wọ́n, wọn kì í sì í pa ọjọ́ Sunday jẹ. Lẹ́yìn ilé ni ibi ìdáná wà, ògiri amọ̀ kúkurú kan ló sì là á láàárín àwa àti ilé Ìyá Sẹ̀míù. Télọ̀ ni Ìyá Sẹ̀míù, Mùsùlùmí pọ́ńbélé, ọ̀rẹ́ ìyá mi tímọ́tímọ́. Ògiri náà kúrú débi pé bí wọ́n bá jókòó níhà kìíní-kejì, gèlè àwọn méjèèjì á máa bára wọn sọ̀rọ̀ lókè rẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé tí owó bá wà lọ́wọ́ bàbá mi, wọn a ra ìhà ẹlẹ́dẹ̀ lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń pa ẹlẹ́dẹ̀ ní ẹ̀yìn ìlú. Ìyá mi ní ìkòkò kan tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un. A kì í yá ẹnikẹ́ni ní ìkòkò yẹn, a kì í sì í fi bu omi, nítorí ọmọ Ìyá Sẹ̀míù máa ń wá mumi nílé wa. Bí ìyá mi bá ń sè é, Ìyá Sẹ̀míù á gbé ẹ̀rọ ìránṣọ ọlọ́wọ́ wọn síbi tí èéfín kò ti ní bá wọn, àwọn méjèèjì á sì máa tàkúrọ̀sọ títí ẹran á fi jinná. Bí ó bá jinná, ìyá mi á fi ọṣẹ dúdú fọ ọwọ́ kí wọ́n tó gba ọmọ ọ̀rẹ́ wọn gbé. Kò sí ẹni tó kọ́ wọn ní èyí. Bí wọ́n ṣe ń fẹ́ràn ara wọn ni.

Ẹran náà ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí n kàn sọ pé ènìyàn kò nílò eyín. Ahọ́n nìkan tó.

Ìyá mi kú níbi ìbímọ. Ọmọ náà kò dúró, àwọn náà kò dúró. Mo ti gbọ́njú díẹ̀ nígbà náà, mo lè pọnmi, mo lè gbálẹ̀, ṣùgbọ́n àbúrò mi Bánjí ṣì kéré, ó máa ń dìde láàárọ̀ lọ wo ibi ìdáná bóyá wọ́n ti dé. Wọ́n gbé ìkòkò ẹlẹ́dẹ̀ dojú dé sí kọ̀rọ̀. Bàbá mi ń rẹ́ pákó láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́.

Nígbà tó yá, wọ́n mú obìnrin kan wá láti Ọ̀rà. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kò fẹ́ràn ariwo, bó bá sì ń rẹ́rìn-ín á fi ọwọ́ bo ẹnu bí ẹni tó jí ẹ̀rín náà. Bàbá mi pe àwa méjèèjì, wọ́n ní, “Màámi ni kí ẹ máa pè wọ́n.” Mo ní, “Ẹ káàbọ̀, Àǹtí.” Nígbà tí mo rí i pé Àǹtí nìkan kò tó, mo fi Ọ̀rà kún un, kí ẹnikẹ́ni má ba à gbàgbé pé wọ́n ní ibòmíràn tí wọ́n ti wá, tí wọ́n sì lè padà sí. Àǹtí Ọ̀rà. Orúkọ náà mọ́ wọn lára débi pé gbogbo àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n bẹ́ẹ̀.

Ìhà ẹlẹ́dẹ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n sè le bí bàtà. Bánjí jẹ ẹ́, ó jẹ ẹ́, ó mú un jáde lẹ́nu, ó gbé e padà sínú àwo wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Inú mi dùn! Gbogbo eyín tó wà lẹ́nu mi ni mo fi jẹ tèmi, mo sì ń wo ojú bàbá mi bí wọ́n ṣe ń jà pẹ̀lú tiwọn. Nínú ọkàn mi mo ní, “Ìyá mi, ẹ rí i?” Láti ọjọ́ náà ni mo ti búra fún ara mi pé n kò tún ní fi ẹnu kan ẹran tí obìnrin náà bá sè. Ẹ̀bà ni mo ń jẹ, ọbẹ̀ ni mo ń fi jẹ ẹ́, ẹran á sì wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Àǹtí Ọ̀rà á wo àwo mi, wọn á sì gbé e kúrò.

Oṣù díẹ̀ kọjá. Sátidé kan, mo ti odò dé, mo gbé omi sọ̀, mo gbọ́ tí Bánjí ń kùn hùn-ún hùn-ún bí ológbò lẹ́yìn ilé. Egungun ìhà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀rá ti dé etí rẹ̀. Òórùn ibẹ̀ gbá mi nímú. Imú mi ń sọ nǹkan kan fún mi, n kò gbà á gbọ́. Mo bá imú mi wí bí ẹni ń bá ọmọ aláìgbọràn wí. Nígbà náà ni Bánjí na àwo, ó ní, “Màámi, ẹ fún mi sí i.”

Màámi.

Mo wẹ̀yìn. Mo rò pé ó rí ìyá wa ni. Àǹtí Ọ̀rà ló ń bu ẹran fún un.

N kò mọ bí n ó ṣe ṣàlàyé bí ó ti rí lára mi. Bí wọ́n bá gba ilé lọ́wọ́ ènìyàn, ó lè ké sí àwọn aládùúgbò. Ta ni mo fẹ́ ké sí pé wọ́n gba ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lọ́wọ́ wa? Mo jowú ìkòkò, mo jowú ṣíbí. Mo tilẹ̀ jowú Bánjí fúnra rẹ̀, tí ó lè pe orúkọ yẹn kí ó sì dùn lẹ́nu rẹ̀.

Àkókò yẹn gan-an ni ìyá ìyá mi ránṣẹ́ láti Ìrèsì. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀ wá wò wá ní Sátidé tó ń bọ̀, bí ara kò bá sì rọ̀ wá lọ́dọ̀ ìyàwó tuntun, kí a di ẹrù wa. Bàbá mi kò bínú. Wọ́n wo èérún pákó tó wà lẹ́sẹ̀ wọn fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní, “Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó lọ. Ẹni tó bá fẹ́ dúró, ilé rẹ̀ nìyí.” Èmi ti ń ka aṣọ mi nínú ọkàn. Ṣùgbọ́n Bánjí ní òun kò lọ.

“Kí ló dé?” mo bi í.

“Màámi máa se ẹran ní Sátidé,” ó ní.

Ìgbà náà ni mo pinnu pé èmi náà á se ìhà ẹlẹ́dẹ̀, bí ìyá wa gan-an ṣe ń sè é, kí Bánjí tọ́ ọ wò, kí ó rántí ọmọ ẹni tó jẹ́, kí a sì jọ máa lọ sí Ìrèsì. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé n kò mọ̀ ọ́n sè. Nígbà tí ìyá mi wà láyé, ẹnu ni mo ń gbé lọ sídìí ìkòkò, n kò gbé ojú lọ.

Mo lọ bá Ìyá Sẹ̀míù. Wọ́n ń rán aṣọ kàkí àwọn ọmọ iléèwé lọ́wọ́. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn, mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, báwo ni ìyá mi ṣe máa ń se ẹran ẹlẹ́dẹ̀?”

Ìyá Sẹ̀míù dá ọwọ́ ẹ̀rọ dúró. “Àsítágífírúláì! Ẹran wo? Èmi Àlímọ̀ ni wọ́n wá bi léèrè bí wọ́n ṣe ń se ẹlẹ́dẹ̀?” Wọ́n rẹ́rìn-ín títí gèlè wọn fi wọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rín náà tán lójú wọn díẹ̀díẹ̀. “Jókòó. Ẹnu mi ò kàn án rí, kí Ọlọ́run má sì jẹ́ kó kàn án. Ṣùgbọ́n ojú mi rí i. Ìyá rẹ á wà lọ́hùn-ún, èmi á wà níbí, ọ̀rọ̀ á máa lọ. Kí ni mo tún fẹ́ máa wò bí kò ṣe ọwọ́ rẹ̀?”

Wọ́n wá ń sọ ọ́, ọwọ́ wọn sì ń ṣe é lójú òfuurufú bí wọ́n ti ń sọ ọ́. Wọ́n ní ìyá mi á kọ́kọ́ wá tọrọ àkísà kàkí lọ́wọ́ àwọn. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà lẹ́yìn egungun ìhà, ó ń yọ̀ bí ẹja àrọ̀, ọwọ́ lásán kò lè mú un. Àkísà ni wọ́n fi ń dì í mú tí wọ́n á fi fà á ya kúrò, “gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ń tú aṣọ tí mo bá rán wọ́.” Wọ́n á fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ fọ̀ ọ́. Wọ́n á gún ata ilẹ̀ àti àlùbọ́sà, wọ́n á fi pa á lára. Wọn kò ní bu omi sí i rárá. Wọ́n á fi ewé bo ojú ìkòkò, wọ́n á gbé òkúta lé ọmọrí, iná ibẹ̀ á sì kéré bí iná tí wọ́n fẹ́ pa. Omi ara ẹran ni yóò sè é. Bó bá ti rọ̀ ni wọ́n á tó tò ó sórí wáyà lórí ẹ̀yinná, wọ́n á sì máa fi oyin pa á díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi pọ́n.

“Bí mo ṣe rí i nìyẹn,” Ìyá Sẹ̀míù ní, “bẹ́ẹ̀ náà ni mo sì ṣe sọ ọ́ fún ìyàwó bàbá rẹ.”

Mo ní, “Ta ni?”

“Ará Ọ̀rà yín ni. Ó ti pẹ́. Ibi tí o jókòó sí yẹn ló kúnlẹ̀ sí. Ó ní àwọn ọmọ ò jẹun, pé èyí àgbà tilẹ̀ ń fi ẹran sílẹ̀, kí n ṣàánú òun, kí n sọ bí ìyá wọn ṣe ń sè é fún òun. Lójú mi, àkísà kàkí tó ti gbà níbí kò kéré.” Wọ́n wá tẹjú mọ́ mi. “Ṣé ìwọ ò tíì jẹ ẹ́ ni?”

Mo dìde, n kò rántí kí wọn pé ó dàbọ̀.

Ẹran díẹ̀ ṣẹ́kù nínú ìkòkò nílé. Àǹtí Ọ̀rà ń ṣa ẹ̀fọ́ lẹ́bàá ògiri, oòrùn ìrọ̀lẹ́ wà lójú wọn. Mo ní, “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi lẹ́ran.” Wọ́n wò mí bí ẹni tí odi bá sọ̀rọ̀. Wọ́n fọ ọwọ́, wọ́n bu ẹyọ kan fún mi, wọ́n sì padà sídìí ẹ̀fọ́ wọn bí ẹni tí kò ń wò mí, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn kò ṣa nǹkan kan.

Mo gé e jẹ.

Ìyá mi wà níbẹ̀. Wọ́n wà nínú ọ̀rá, wọ́n wà nínú oyin tó ti gan mọ́ egungun. Ìyá tí mo ti ń wá nínú aṣọ wọn tó wà nínú àpótí, tí mo ń wá lójú oorun tí n kò rí, inú àwo obìnrin ará Ọ̀rà ni wọ́n wà láti ọjọ́ yìí, tí Bánjí ń lọ bá wọn, tí èmi ń ta àwo nù. Mo bú sẹ́kún. Ẹ ó rò pé owú náà tán níbẹ̀. Ó wá gbóná sí i ni. Mo ní, “Ẹ jí i! Ti ìyá mi ni, ẹ jí i!”

Àǹtí Ọ̀rà kò bá mi wí. Wọ́n jẹ́ kí n sunkún tó bí mo ṣe fẹ́. Nígbà tó yá, wọ́n ní, “N kò jí i. Mo yá a lò ni, nítorí yín. N kò mọ ìyá rẹ, a kò pàdé rí, n kò sì lè di òun. Ṣùgbọ́n ìwọ lo ni í. Bí o bá ní kí n dá a padà, n ó dá a padà. N kò ní sè é bẹ́ẹ̀ mọ́ nínú ilé yìí.”

Wọ́n dúró, wọ́n ń retí. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ, mo rí i lójú wọn. Àgbàlagbà gbé nǹkan ńlá lé ọmọdé lọ́wọ́, wọ́n sì ń dúró de ìdáhùn rẹ̀. Mo fẹ́ sọ pé kí wọ́n dá a padà. Mo ti la ẹnu. Ṣùgbọ́n adùn ìyá mi ṣì wà lórí ahọ́n mi, bí mo bá sì sọ bẹ́ẹ̀, ìgbà wo ni mo tún fẹ́ tọ́ ọ wò?

Mo nu imú. Mo ní, “Iyọ̀ rẹ̀ ò tó. Ata ilẹ̀ ti pọ̀ jù.”

Àǹtí Ọ̀rà wò mí, ọwọ́ wọn sì lọ bo ẹnu. “Ìyẹn ni Ìyá Sẹ̀míù ò lè sọ fún mi,” wọ́n ní. “Kò tọ́ ọ wò rí.”

Ní Sátidé, àwa méjèèjì la jọ sè é. Wọ́n kọ́ mi bí mo ṣe máa fi àkísà fa awọ yẹn ya. Èmi ni mo ń tọ́ iyọ̀ wò. Bí mo bá mi orí, wọ́n á tún fi díẹ̀ sí i. A kò bára wa sọ̀rọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Ojú mi ṣì le. Mo ń ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn bí aṣọ́bodè ṣe ń dúró ti ẹrù ọba.

Ìyá àgbà dé láti Ìrèsì nígbà tí oòrùn ti ga. Wọ́n gbé mi mọ́ra, wọ́n gbé Bánjí mọ́ra, wọ́n kí Àǹtí Ọ̀rà ní ìkíni tí kò gbóná tí kò tutù. A gbé oúnjẹ fún wọn. Wọ́n mú ìhà kan, wọ́n gé e jẹ, ẹnu wọn sì dúró. Wọ́n jókòó bẹ́ẹ̀, egungun lọ́wọ́, wọn kò jẹ ẹ́, wọn kò sì gbé e sílẹ̀. Omijé gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn lọ sísàlẹ̀ láìsí ariwo.

“Ta ló se èyí?” wọ́n bi wá.

Mo fẹ́ sọ pé èmi ni. Ọlọ́run mọ̀ pé mo fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀. Bánjí ti yára jù mí lọ: “Màámi àti ẹ̀gbọ́n mi ni!”

Ìyá àgbà wo Àǹtí Ọ̀rà, tí wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà tí wọn kò mọ ibi tí wọn ó gbé ọwọ́ sí. “O ṣeun,” wọ́n ní. “O ṣeun, ọmọ mi.” Lẹ́yìn náà wọ́n kọjú sí mi. “Ìwọ ńkọ́? Ṣé wàá bá mi lọ?”

Aṣọ mi wà nínú apẹ̀rẹ̀, mo ti dì í láti àárọ̀. Mo wo Bánjí, tó ti gun itan Àǹtí Ọ̀rà. Mo wo ìkòkò. Mo rò ó pé bí mo bá lọ sí Ìrèsì, Bánjí, àti bàbá mi, àti adùn ọwọ́ ìyá mi, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á ṣẹ́kù fún obìnrin yìí nìkan, kò sì ní sí ẹni tí yóò máa ṣọ́ ọ. Inú mi kò gbà á. Ìfẹ́ ló ń mú ẹlòmíràn dúró nílé. Èmi, owú ló mú mi dúró.

“N kò lọ mọ́, mà,” mo ní.

Ìyá àgbà mọ ohun tó wà nínú mi. Wọ́n fi ìka gún mi láyà, níbi tí egungun ti yọ. “Òjòwú kì í lẹ́ran láyà,” wọ́n ní. “Máa jẹ ẹran rẹ.” Wọ́n sì dá lọ sí Ìrèsì.

Bí mo ṣe dàgbà sọ́dọ̀ Àǹtí Ọ̀rà nìyẹn. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti kọ́ gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa ilé ìdáná, mo sì ń bá wọn jiyàn lórí gbogbo rẹ̀. Wọ́n bí ọmọbìnrin kan fún bàbá mi, mo jowú rẹ̀ náà, mo sì pọ̀n ọ́n títí ó fi rìn. Ọjọ́ ìgbéyàwó mi, àwọn ló di ẹrù mi. Mo rí àkísà kàkí kan tí wọ́n ká sínú ìkòkò tuntun. Nígbà tí wọ́n darúgbó tí eyín wọn ti lọ, mo máa ń se ìhà ẹlẹ́dẹ̀ fún wọn. Wọ́n á mu egungun rẹ̀ títí yóò fi funfun, wọn kò sì ní yìn mí. Inú mi á dùn.

Àǹtí ni mo pè wọ́n títí wọ́n fi kú. Mo gbìyànjú láti pa á dà, ọ̀rọ̀ náà kì í jáde. Lọ́jọ́ tí a sin wọ́n, Bánjí, ọkùnrin tó ti ní ọmọ tó ń lọ sí yunifásítì, dọ̀bálẹ̀ sórí iyẹ̀pẹ̀, ó ń ké “Màámi! Màámi!” Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú aṣọ dúdú, mo sì tún ń jowú rẹ̀, pé ó ní ọ̀rọ̀ tí yóò fi sunkún.

Ilé bàbá mi ni mo padà wá ń gbé, ògiri amọ̀ kúkurú yẹn sì ti wó. Bíríkì ló wà níbẹ̀ báyìí, ó ga, wọ́n fọ́ ìgò sórí rẹ̀, n kò sì mọ orúkọ ẹni tó ń gbé lódìkejì. Ohùn jẹnẹrétọ̀ wọn ni mo mọ̀. Àwọn tó ń pa ẹlẹ́dẹ̀ ti ní fíríìsà. Kò sí ẹni tó ń gbé òkúta lé ọmọrí mọ́. Ṣùgbọ́n mo wo ọmọ mi bó ti di ojú lórí ẹran ìyàwó rẹ̀, mo sì mọ̀ pé nǹkan kan kò tíì yí padà nínú ayé: bí ẹni tí a fẹ́ràn bá ń jẹun lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ó ń dun ni, ó sì dára kó jẹun.

Mo ṣì wà ní ẹ̀yìnkùlé yẹn nígbà tí Bùkọ́lá jáde wá. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga mi. “Mọ́mì,” ó ní, “ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Kí ló kù nínú ẹran yẹn?”

Mo ní, “Mo ti sọ pé ó dára.”

“Ẹ sọ pé ó dára, ẹ sì gbé àga yín jáde.” Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ojú rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. “Mọ́mì, láti ìgbà tí mo ti wọlé ọmọ yín, gbogbo ìhà ẹlẹ́dẹ̀ tí mo bá ti sè, ohun kan náà ló máa ń sọ. Ó máa ní ó dùn o, ṣùgbọ́n kò tó ti Mọ́mì òun. Àní nísinsìnyí tí ẹ jáde, ó tún ti sọ ọ́. Ẹ má bínú, mà. Owú yín ń jẹ mí. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ra máṣíìnì yẹn.”

Mo wo ọmọbìnrin yìí. Ó ti gbé ẹ̀rọ láti Ìbàdàn dé Ìlá, gbogbo ọ̀nà yẹn, nítorí àwo kan tí kò lè gbà lọ́wọ́ mi. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í pa mí láti ìsàlẹ̀ ikùn wá. Mo rẹ́rìn-ín títí àwọn ọmọ fi sá jáde wá wò wá, Bùkọ́lá náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín láìmọ ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín.

Mo ní kó fà mí dìde. A wọ ilé ìdáná. Ẹran tútù ṣì kù nínú fíríìjì, mo gbé e kalẹ̀, mo dojú egungun rẹ̀ sókè, mo sì fi hàn án ibi tí awọ fẹ́lẹ́ yẹn ti bẹ̀rẹ̀ àti bí a ṣe ń mú un. Ó fà á lẹ́ẹ̀kan, ó yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó tún fà á, ó ya, ó jáde láti òkè délẹ̀. Ó kígbe bí ọmọdé.

“Há! Ta ló kọ́ yín léyìí, Mọ́mì?”

“Àwọn màmá mi ni,” mo ní.

Bùkọ́lá mi orí. Ó rò pé ọ̀wọ̀ ni mo fi pe ẹnì kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀. Àwọn méjèèjì tó ni ọ̀rọ̀ náà ti gbọ́.